Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ SSO (Single Sign-On, kéèyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan kó sì lè wọ ibi púpọ̀) àti ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá èèyàn mọ̀, kẹ́ ẹ tó lọ jókòó ṣe ìdánwò sátífíkéètì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìdánwò ààbò kọ̀ǹpútà bíi Security+ tàbí CISSP, tàbí èyíkéyìí nínú ìdánwò Microsoft, ẹ ti máa rí i pé tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ìwé ti ń sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà, orúkọ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lu ara wọn. Kerberos, SAML, OAuth, OpenID Connect, LDAP, RADIUS, TACACS+, gbogbo ẹ̀ láàárín ojú ewé díẹ̀. Ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn tá a jọ ń kàwé ní Yàbá níbí ni pé wọ́n máa há gbogbo orúkọ yẹn sórí pẹ̀lú nọ́ńbà port wọn (ẹnu ọ̀nà tí ìlànà kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), wọ́n á sì há a dáadáa o, àmọ́ tí ìbéèrè bá wá sọ pé òṣìṣẹ́ kan ti wọlé síbì kan láàárọ̀, ó wá fẹ́ wọ ibòmíì láìtún tẹ páásíwọ́ọ̀dù, èwo ló yẹ kí iléeṣẹ́ náà lò, wọ́n á dákẹ́ síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí, torí dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ìdánwò yìí, kì í ṣe owó téèyàn ń fi ṣeré rárá.

Nítorí náà, bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é nìyí. Orúkọ yòówù kẹ́ ẹ bá pàdé, ẹ bi í léèrè: ta ló ní kẹ́ ẹ jẹ́rìí ara yín, kí lẹ fi jẹ́rìí, ta ló wá gba ẹ̀rí yẹn gbọ́ lẹ́yìn náà láìfojú kan páásíwọ́ọ̀dù yín? Tẹ́ ẹ bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti mọ nǹkan náà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni SSO.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun mẹ́rin sọ́tọ̀

Ẹ má tíì débi Kerberos o. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi ATM kan ní Ojúẹlẹ́gbà. Ẹ ki káàdì bọ̀ ọ́, nọ́ńbà tó wà lórí káàdì yẹn ló sọ ẹni tẹ́ ẹ pe ara yín, identification nìyẹn, ẹ kàn dárúkọ ni. Ẹ wá tẹ PIN, PIN yẹn àti káàdì tó wà lọ́wọ́ yín ló jẹ́rìí pé ẹ̀yin ni lóòótọ́, authentication nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá ní kó san owó tó ju iye tí bánkì fàyè gbà lójúmọ́, ó máa kọ̀, kì í ṣe pé ò mọ̀ yín, ó mọ̀ yín dáadáa, àṣẹ yẹn ni ẹ ò ní, authorization nìyẹn. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe pé ẹni báyìí gba owó báyìí ní aago báyìí, òun ni accounting.

Ìdánwò fẹ́ràn kó da àárín authentication àti authorization rú. Wọ́n á ní ọmọ iṣẹ́ kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ fódà àwọn tó ń rí sí owó ò ṣí fún un. Àwọn kan á sáré mú ìdáhùn tó sọ pé kí wọ́n yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Ṣèbí ó ti wọlé? Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, àṣẹ ló kù.

Ohun tẹ́ ẹ mọ̀, ohun tẹ́ ẹ ní, ohun tó jẹ́ ara yín

Páásíwọ́ọ̀dù, PIN, orúkọ ìyá yín kó tó lọ́kọ, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Káàdì, token kékeré tí bánkì máa ń fún àwọn oníbàárà, fóònù tí áàpù Authenticator wà lórí ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ní nìyẹn. Ìka ọwọ́, ojú, ẹyinjú, ohùn, èyí jẹ́ ara yín. Security+ SY0-701 tún fi ibi tẹ́ ẹ wà kún un, bí àpẹẹrẹ kí sávà rí i pé Èkó lẹ ti ń wọlé lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀kan náà ó wá rí i pé ẹ ń wọlé láti orílẹ̀-èdè míì.

MFA (multi-factor authentication) ni pé kí ẹ̀rí wá láti oríṣi méjì tó yàtọ̀ síra, ó kéré tán. Ibi tí wọ́n ti máa ń dẹ pàkúté sílẹ̀ nìyí o. Páásíwọ́ọ̀dù pẹ̀lú PIN pẹ̀lú ìbéèrè àṣírí, mẹ́ta ni lójú, ọ̀kan ṣoṣo ni nínú ìṣirò, torí ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bákan náà ni ìka ọwọ́ pẹ̀lú ojú. Àmọ́ káàdì ATM pẹ̀lú PIN, MFA pátápátá nìyẹn, gbogbo wa sì ti ń lò ó ọjọ́ pẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún BVN nínú èrò yín. Biometric, ìyẹn àmì ara èèyàn, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe ìka ọwọ́ yín. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà yẹn kàn mọ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ yín ní bánkì ni. Ìka àti ojú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ni biometric. Tẹ́ ẹ bá mọ ìyàtọ̀ yìí, identification àti authentication ò ní dàrú mọ́ yín lójú mọ́ láé.

OTP, nọ́ńbà tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ńkọ́? Ẹ ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ páásíwọ́ọ̀dù, síbẹ̀ ohun tẹ́ ẹ ní ni wọ́n kà á sí, torí fóònù tàbí token ló mú un wá. Oríṣi méjì ló wà tí wọ́n máa bi yín: HOTP ń fi òǹkà ṣiṣẹ́, nọ́ńbà tó bá yọ á dúró síbẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa lò ó, TOTP ń fi aago ṣiṣẹ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ló máa ń sábà ní kó tó yí padà. Èyí tó ń bá SMS wá ló rọ̀ jù nínú gbogbo wọn, torí tí olè bá ti gba nọ́ńbà yín sórí SIM míì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni OTP ń lọ tààrà, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ SIM swap ṣe ń ba àwọn èèyàn nínú jẹ́ nílùú yìí. Èyí tó le jù fún olè ni passkey, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ yín ń tọ́jú dípò páásíwọ́ọ̀dù, tó wà lábẹ́ ìlànà FIDO2. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹ̀ kì í lọ sọ́dọ̀ sáìtì tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀, orúkọ sáìtì gidi yẹn ni wọ́n sì so ó mọ́, nítorí náà tí oníjìbìtì bá ṣe ayédèrú sáìtì tó jọ ti bánkì yín bí ìbejì, passkey ò ní dá a lóhùn. Tí ìbéèrè bá ti sọ pé ìlànà wo ni phishing (irú ẹ̀tàn ayédèrú sáìtì yẹn) ò ràn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

FAR (false acceptance rate) àti FRR (false rejection rate) tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀rọ biometric, kíá: FAR ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ ìka gba ẹni tí kò yẹ kó gbà, FRR ni iye ìgbà tó lé onílé síta. Ibi tí méjèèjì ti bára dọ́gba ni CER (crossover error rate), ẹ̀rọ tí CER rẹ̀ bá kéré ló dáa jù. Fún ibi tí wọ́n kó owó tàbí àṣírí sí, FAR ni wọ́n ń sá fún jù.

SSO gan-an

SSO ni pé kẹ́ ẹ jẹ́rìí ara yín lẹ́ẹ̀kan, níbì kan, kí àwọn yòókù sì gba ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ń lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà fún íméèlì, fún Facebook, fún pọ́tálì ibi iṣẹ́, SSO kọ́ nìyẹn, ewu nìyẹn. Password manager náà kì í ṣe SSO, ó kàn ń bá yín tẹ páásíwọ́ọ̀dù ni, gbogbo sáìtì yẹn ṣì ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́wọ́. Nínú SSO, áàpù tẹ́ ẹ wọ̀ ò tiẹ̀ mọ páásíwọ́ọ̀dù yín rárá. Tó bá wá jẹ́ pé iléeṣẹ́ méjì tó dá dúró ló gbà láti máa gba ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́, federation nìyẹn.

Wọ́n á bi yín nípa ewu ẹ̀. Tí olè bá rí ìwọlé kan yẹn gbà, gbogbo ilé ló ṣí sílẹ̀ fún un, tí sávà tó ń jẹ́rìí bá sì kú, kò sẹ́ni tó máa rí iṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé MFA sẹ́nu ọ̀nà SSO, lójú tèmi kò sì yẹ kí wọ́n máa ṣe SSO láìsí i.

Kerberos: ẹ fara balẹ̀ níbí

Kerberos ni ìlànà SSO tí wọ́n ń lò nínú iléeṣẹ́. Yunifásítì MIT ni wọ́n ti ṣe é ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1989, lábẹ́ Project Athena, látìgbà Windows 2000 ni Microsoft sì ti ń lò ó fún Active Directory, ibi tí Windows ń tọ́jú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ sí. Port 88 ló ń lò.

Ẹ fojú inú wo páátì ńlá kan ní Ìkẹjà, èyí tí wọ́n ti kọ ọ́ sójú ìwé pé kò sí IV, kò sí ìwọlé. Lẹ́nu géètì, báńsà gba IV yín, ó yẹ orúkọ yín wò, ó so báńdì mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ IV ti parí. Ebi wá ń pa yín, ẹ ò ní gbé IV lọ bá alásè o, ibi tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti ń pín tally lẹ máa lọ, á wo báńdì ọwọ́ yín, á fún yín ní tally oúnjẹ. Tally oúnjẹ yẹn ò lè gba bíà, ti ọtí wà lọ́tọ̀. Ẹ mú tally lọ bá alásè, alásè ò mọ̀ yín rí, kò sì béèrè orúkọ yín, àmì tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó tẹ̀ sára tally yẹn ló wò, ó bu àmàlà fún yín.

Báńsà yẹn ni Authentication Server. Báńdì ni TGT (ticket granting ticket). Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ń pín tally ni Ticket Granting Server, tally ni service ticket, alásè ni sávà tẹ́ ẹ fẹ́ lò, bóyá ti fáìlì tàbí ti príńtà. Báńsà àti ẹni tó ń pín tally, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, KDC (Key Distribution Center) lorúkọ ilé ọ̀hún, nínú Windows, sávà tí wọ́n ń pè ní domain controller ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ yà á sórí ìwé pẹ̀lú ọfà, ẹ yà á títí ẹ ó fi lè yà á láìwo ibì kankan, torí nígbà míì wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ to ìgbésẹ̀ yìí tẹ̀lé ara wọn.

Ibi tí páátì ti yàtọ̀ sí Kerberos ló ṣe pàtàkì jù. Ní páátì, ẹ fi IV lé báńsà lọ́wọ́. Nínú Kerberos, páásíwọ́ọ̀dù yín ò kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Kọ̀ǹpútà yín á fi páásíwọ́ọ̀dù yẹn ṣe kọ́kọ́rọ́, á wo aago, á fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ti aago ọ̀hún pa, òun ló máa fi ránṣẹ́. KDC náà ní irú kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́dọ̀, á ṣí i, tó bá rí i pé aago tó wà nínú ẹ̀ bá tirẹ̀ mu, á jẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ páásíwọ́ọ̀dù lóòótọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àná ni olè kan tún ń gbé wá. Ìdí tí aago fi ṣe kókó nìyẹn. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni Active Directory fàyè gbà tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ní ọjọ́ orí, wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n máa ń fún un.

Ẹ wá wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ níbí. Wọ́n ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village fún ọ́fíìsì, ó dáa, ó mọ́, àmọ́ bátìrì róbótó kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, CR2032 yẹn, ti kú látìlúu òyìnbó. Wọ́n mú iná lọ, ẹ̀rọ kú pátápátá, nígbà tí wọ́n tún tàn án, aago rẹ̀ ti padà sí ọdún tó ti lọ. Ọmọ iṣẹ́ tẹ páásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà, fódà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò kọ̀ ọ́. Àwọn ará IT yí páásíwọ́ọ̀dù padà, kò sí ìyàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá wo log, ẹ máa rí “Clock skew too great” níbẹ̀. Ẹ tún aago ṣe, ẹ so ó mọ́ NTP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń to aago, tó wà ní port UDP 123, ẹ pààrọ̀ bátìrì yẹn, ó parí. Nínú ìdánwò, ìbéèrè yìí kì í dárúkọ aago rárá, wọ́n á kàn ní látìgbà tí iná ti lọ ní ẹ̀ka kan ni àwọn kan ò ti rí ibi wọ̀, àwọn yòókù sì ń wọlé.

SAML, OAuth, OpenID Connect

Kerberos máa ń bá àwọn tó wà nínú ọgbà iléeṣẹ́ kan ṣe jù. Tó bá di ti íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mẹ́ta yìí ló kàn.

SAML ni ìlànà tí iléeṣẹ́ kan fi ń sọ fún sáìtì míì pé òun ti mọ ẹni yìí. SAML 2.0 jáde ní 2005 lábẹ́ OASIS, àjọ tó ń ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀, XML ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ọ́fíìsì kan wà ní Marina tó ń lo Microsoft Entra ID (ètò ìwọlé àwọn òṣìṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), òṣìṣẹ́ wọn fẹ́ wọ Zoom. Zoom ni service provider, ẹni tó ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lò, Entra ID ni identity provider, ẹni tó ń jẹ́rìí. Zoom ò ní béèrè páásíwọ́ọ̀dù, á ní kí browser gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ Entra ID. Ibẹ̀ ni á ti jẹ́rìí ara rẹ̀, pẹ̀lú MFA, Entra ID á kọ assertion, ìyẹn ìwé ẹ̀rí, á buwọ́ lù ú, browser á gbé e padà fún Zoom. Zoom á yẹ ìbuwọ́lù yẹn wò pẹ̀lú digital certificate tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ padà sórí ìbéèrè wa: Entra ID ló gba ẹ̀rí, Zoom ló gbà á gbọ́, Zoom ò sì rí páásíwọ́ọ̀dù.

OAuth 2.0, tó wà nínú ìwé ìlànà RFC 6749, ọdún 2012, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn pé àṣẹ ló ń fúnni, kì í jẹ́rìí ẹni. Áàpù kan fẹ́ ka kàlẹ́ńdà Google yín kó lè máa rán yín létí nǹkan, ẹ ò fún un ní páásíwọ́ọ̀dù Gmail, Google béèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé kí òun jẹ́ kó kà á, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, Google fún áàpù náà ní access token tó lè ka kàlẹ́ńdà nìkan, kò lè ka íméèlì. Token yẹn ò sọ fún áàpù náà pé ta ni yín. Ìdí tí wọ́n fi gbé OpenID Connect lé e lórí ní 2014 nìyẹn, òun ló mú ID token wá, tí wọ́n kọ bíi JWT (JSON Web Token), òun ló ń sọ pé ẹni báyìí ló wọlé. Bọ́tìnnì “Sign in with Google” tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ yẹn, OpenID Connect ló wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ lè wò ó fúnra yín lónìí láìnáwó kankan. Ẹ lo kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí sáìtì tó ní bọ́tìnnì yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tó yan àkáǹtì, ẹ wo àdírẹ́sì gígùn tó wà lókè browser. Ẹ máa rí accounts.google.com, ẹ máa rí client_id, òun ló sọ áàpù tó ń béèrè, ẹ máa rí scope, tẹ́ ẹ bá wá rí openid nínú scope yẹn, ẹ mọ̀ pé ó fẹ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, kì í ṣe àṣẹ nìkan ló wá gbà. Ìgbà tí mo bá fi èyí han àwọn èèyàn ni ojú wọn máa ń là jù. Tẹ́ ẹ bá sì wà lórí Windows tó wà nínú domain, ẹ ṣí command prompt, ẹ tẹ klist, tíkẹ́ẹ̀tì Kerberos yín á jáde pẹ̀lú aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó máa parí, èyí tí wọ́n kọ krbtgt sí ni báńdì ọwọ́ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, Keycloak, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ìwọlé, jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lè gbé e sórí láptọ́ọ̀pù yín kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ di identity provider tiyín. Àmọ́ ẹ má mú token ibi iṣẹ́ yín lọ lẹ̀ mọ́ sáìtì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun máa bá yín tú u, ẹni tó bá rí token tí ò tíì kú lè fi wọlé bíi yín.

Àwọn tó kù

LDAP ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìwé orúkọ iléeṣẹ́, port 389, tí wọ́n bá fi TLS (ìlànà ìbòmọ́lẹ̀) bò ó, ó di LDAPS, 636. RADIUS àti TACACS+ ni ìlànà tí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń béèrè lọ́wọ́ sávà kan bóyá kí òun jẹ́ kéèyàn wọlé. RADIUS ń lo UDP 1812 fún authentication àti authorization, 1813 fún accounting, páásíwọ́ọ̀dù nìkan ló ń bò mọ́lẹ̀ nínú páákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. TACACS+ ti Cisco ń lo TCP 49, gbogbo inú páákẹ́ẹ̀tì ló ń bò, ó sì ya authentication, authorization àti accounting sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ìbéèrè bá ń sọ ẹni tó ń wọ router láti tún un ṣe, TACACS+ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Tó bá jẹ́ Wi-Fi tàbí wáyà ọ́fíìsì tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kàn so mọ́ òun, 802.1X nìyẹn, RADIUS ló sì máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀.

Tọ́jọ́ bá pé

Security+ kì í ju ìbéèrè 90 lọ láàárín 90 ìṣẹ́jú, 750 lẹ nílò lórí òṣùwọ̀n tó lọ láti 100 dé 900. Àwọn ìbéèrè tó ní kẹ́ ẹ fa nǹkan síbí síbẹ̀ sábà máa ń wà níwájú, wọ́n sì máa ń jẹ àkókò, ẹ sàmì sí wọn, ẹ fò wọ́n, ẹ padà wá. Ẹ ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè kẹ́ ẹ tó ka ìtàn tó wà lókè ẹ̀, ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń fẹ́ wà.

Ẹ sì yẹ orúkọ yín wò nísinsìnyí, ẹ má dúró dọjọ́ ìdánwò. Pearson VUE, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò, máa fẹ́ kí orúkọ tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu. Tí ìwé ìrìnnà yín bá jẹ́ Adébáyọ̀ tẹ́ ẹ wá kọ Bayo síbẹ̀, ẹ tètè kàn sí wọn kí wọ́n bá yín tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé láti Ìkòròdú tàbí Agége lẹ ti ń bọ̀ wá ṣe é ní Island, ẹ kúrò nílé kí Third Mainland tó dí.